Kí Ẹ Tó Ra Iná UV fún Ewéko Inú Ilé, Ẹ Wo Nọ́ńbà Ìdí Rẹ̀

Oṣù Kejìlá ni, ní Peckham, ní London. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù, òòrùn ti wọ̀. Ẹfinrin tí mo gbìn sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ga gọgọrọ, igi rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí mo bá sì fọwọ́ ra ewé rẹ̀, kò ta sánsán mọ́. Kí wá ni ànfààní ẹfinrin tí kò ta sánsán?

Mo gbọ́ pé UV máa ń ran òórùn ewé lọ́wọ́. Òótọ́ ni o. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé UV kì í ṣe ẹyọ kan. Mo ra gílóòbù kan tí wọ́n kọ "UV" gàdàgbà sí lára, mo tàn án, mo jókòó tì í bíi wákàtí kan, mò ń tẹ fóònù mi. Nígbà tó di òru, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Omi ń dà lójú mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ kejì ló tó rọlẹ̀, Ọlọ́run ló yọ mí. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ìdí gílóòbù náà: 275 nm, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Irú èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn ni mo gbé sí pálọ̀!

nm yẹn, nánómítà ni, ìwọ̀n bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni agbára ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i. Láti 400 wá sí 315 ni UV-A, láti 315 sí 280 ni UV-B. Èyí tó bá kéré ju 280 lọ, UV-C ni. UV-C inú òòrùn kì í dé ilẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ òkè ló ń gbé e mì. DNA inú ewé ló máa ń bà jẹ́, ojú àti awọ tiwa náà kò sì gbẹ́yìn.

UV-B ni ẹfinrin mi ń wá. Ewéko ní pròtéènì kan tí wọ́n ń pè ní UVR8, tó máa ń so mọ́ra ní méjì-méjì bí ìbejì. Tí UV-B bá kàn wọ́n, wọ́n á túká, wọ́n á lọ jíṣẹ́ láàárín sẹ́ẹ̀lì pé kí ewé dáàbò bo ara rẹ̀. Ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé òun ni ewéko fi ń mọ UV-B. Nígbà náà ni àwọ̀ lẹ́túùsì pupa á túbọ̀ pọ́n, tí òróró olóòórùn dídùn á pọ̀ sí i nínú ẹ̀yà ẹfinrin tí òyìnbó ń pè ní basil. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí UV-B wọlé. Ẹfinrin ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé n'Íbàdàn kò ní irú wàhálà yìí.

Wàyí o, ọjà. Púpọ̀ nínú LED olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní UV, 395 tàbí 405 ni. 405 kì í tilẹ̀ ṣe UV, àwọ̀ àlùkò lásán ni. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun á máa tàn yòò lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rò pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lè jí UVR8. LED UV-B gidi wọ́n gan-an, púpọ̀ nínú iná tó ń jẹ ló ń di ooru, kì í sì í pẹ́ lò bíi LED funfun. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín ní owó ẹ̀pà, tàbí tí kò lè sọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ sá fún un.

UV kì í ṣe oúnjẹ ewéko ṣá o. Ìmọ́lẹ̀ búlúù (bíi 450) àti pupa (bíi 660) ló ń jẹ jù. Torí náà, LED funfun tó dáa ni mo kọ́kọ́ rà, mò ń tàn án fún wákàtí 14 lójúmọ́. Ìyẹn nìkan mú kí igi ẹfinrin mi ki. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo fi LED kékeré 305 nm kún un, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn. Mo fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá bíi pé iná jó o. Mo dín in kù sí mẹ́wàá. Mo so ó mọ́ ilẹ̀kùn: tẹ́ ẹ bá ṣí i báyìí, iná á kú.

Lánàá, ẹni tá a jọ ń gbé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà láti wá ìgbálẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó fa imú, ó ní: "Ta ló ń se ọbẹ̀ níbí?"