Omi Ẹ̀rọ Nínú Èdè Mel Baggs

Lọ́dún 2007, Mel Baggs, ará Amẹ́ríkà tó ní ọ́tísíìmù, gbé fídíò kan tó pè ní In My Language sórí YouTube. Níbẹ̀rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ rárá: ó ń kọrin aláìlọ́rọ̀, ó ń fi ojú ra ìwé, ó ń fi ìka ṣeré nínú omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà ka àlàyé tó tẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé omi náà dúró fún nǹkan kan o! Òun àti omi ló jọ ń dá ara wọn lóhùn. Òórùn àti ìfọwọ́kàn wà nínú ìrònú rẹ̀. (Ṣebí Yorùbá náà ń gbọ́ òórùn bó ṣe ń gbọ́ èdè.)

Ẹ̀dùn ọkàn Baggs ni pé, bí òun kò bá gbọ́ tiwa, wọ́n á ní àléébù ni. Bí àwa kò bá gbọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi wá.