Iná Ewé Lára Igi Fẹ́ẹ̀nì Inú Ilé: Bí Ọdún Ṣe Ń Lọ ní Cuneo

Ní Ítálì, òfin ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tan hítà. Turin àti Padua wà ní ìpín tí wọ́n ń pè ní E: ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà, tíí ṣe oṣù kẹwàá, ni wọ́n ń tàn án, ọjọ́ 15 oṣù Igbe, oṣù kẹrin, ni wọ́n ń pa á, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 14 lọ lóòjọ́. Cuneo wà ní ìpín F, níbi tí òfin kò ti fi gbèdéke sí i, torí òtútù ẹsẹ̀ òkè Alps kì í dúró de ìjọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní igi fẹ́ẹ̀nì ní pálọ̀, ẹ fi àmì sí àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Ohun tí hítà bá ṣe fún fẹ́ẹ̀nì lásìkò òtútù ni iná ewé máa wá jẹ èrè rẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń lọ.

Iná ewé tí mo wí yìí kì í ṣe iná tó ń jó o. Irú iná orí ni. Àwọn ará Ítálì náà ń pè é ní pidocchi, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe iná orí ọmọ iléèwé. Kòkòrò kékeré tó rọ̀ múlọ́múlọ́ ni, tó máa ń ki ẹnu bí abẹ́rẹ́ bọ inú ewé láti fa oje rẹ̀ mu.

Fẹ́ẹ̀nì ni ewé gígùn tó máa ń hù sára ọ̀pẹ nílé wa, tí akọ̀pẹ máa ń fi àdá ro dànù kó tó ríbi tẹsẹ̀ bọ̀. Igi fẹ́ẹ̀nì ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ga. Méjì ló wọ́pọ̀ nínú ìkòkò ní Yúróòpù: Dicksonia antarctica, tó ti Tasmania àti gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà wá, àti Cyathea cooperi, ọmọ Queensland àti New South Wales. Ohun tó dà bí igi lára Dicksonia yẹn, gbòǹgbò ló pọ̀ jù níbẹ̀, tó lọ́ mọ́ra wọn bí irun tó ta kókó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bomi rin igi náà fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ìkòkò nìkan. Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré ló fi ń ga lọ́dún. Ẹni tó bá ra èyí tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ohun tó dàgbà ju ọmọ náà lọ ló rà.

Ní ọgbà Villa Carlotta, ní Tremezzo létí adágún Como, ìta gbangba ni igi fẹ́ẹ̀nì ń gbé nínú àfonífojì kan, torí omi adágún máa ń pa ooru mọ́. Cuneo kò ní irú oore bẹ́ẹ̀. Ìlú náà wà láàárín odò Gesso àti Stura, ó ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 534, yìnyín sì máa ń bò ó. Inú ilé ni fẹ́ẹ̀nì gbọ́dọ̀ sá sí.

Ẹ gbé e wọlé lóṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí àwọn oníṣòwò èso igi tí wọ́n ń pè ní castagna bá kún ìgboro fún àjọ̀dún rẹ̀. Ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé kó tó wọlé, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí hítà. Láti oṣù Bélú títí dé oṣù Ṣẹ́rẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sí wàhálà iná ewé. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń dá fẹ́ẹ̀nì lágara ní tirẹ̀. Ẹ máa rin ara igi náà, ẹ má sì fún un ní ajílẹ̀ rárá. Ajílẹ̀ tó pọ̀ a máa sọ oje ewé di àsè fún iná ewé.

Oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbà náà ni ewé tuntun ń yọ láti orí igi, tó ká bí ìkarahun ìgbín, tó sì rọ̀. Ibẹ̀ ni iná ewé ń wá. Èyí tó fẹ́ràn fẹ́ẹ̀nì jù ni Idiopterus nephrelepidis: ara rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, kò tó mílímítà méjì. Ara orúkọ Nephrolepis ni wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀yà fẹ́ẹ̀nì tó ń hù lára ọ̀pẹ wa gan-an. Abo ló kún inú wọn. Wọ́n ń bímọ láìrí akọ, ọmọ inú wọn náà sì ti lóyún kí wọ́n tó bí i. Ní yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí ọmọ tuntun di ìyá. Ẹ wá rí i pé ẹni tó bá ní "tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ti pẹ́.

Ilẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ mọ̀ pé iná ewé ti dé, kì í ṣe ojú. Oje ewé kún fún ṣúgà, ohun tí kòkòrò ń wá nínú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ṣúgà tó ṣẹ́kù ló ń yà jáde. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ táìlì, èéhù dúdú a sì hù lé e lórí. Bí èèrà bá ti ń tò lọ tò bọ̀ lára ìkòkò, òun ló ń da iná ewé bí Fúlàní ṣe ń da màálù, ó ń fún omi dídùn yẹn lára wọn.

Ẹ dákun, ẹ má ṣe ṣìnà. Àmì ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó tò létòlétò lábẹ́ ewé tó ti gbó kì í ṣe kòkòrò. Ara fẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ ni. Kò ní òdòdó tàbí irúgbìn, ibẹ̀ ló ń pa ohun bí eruku tó fi ń bí sí i mọ́ sí. Iná ewé kì í tò létòlétò, ó sì máa ń rìn tí ẹ bá fi ìka kàn án. Mo mọ ẹni tó fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ha gbogbo rẹ̀ dànù tọkàntọkàn.

Omi ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ fi ọ̀rá di ẹnu ìkòkò, ẹ gbé e lọ sí balùwẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi omi ìlọ́wọ́ọ́rọ́ fọ abẹ́ ewé láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ewé tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ gé e. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, torí àwọn ọmọ tó sá pamọ́ sí àárín ewé tó ká kò bá ti àkọ́kọ́ lọ.

Fẹ́ẹ̀nì kì í gba oògùn bí ewé yòókù. Ọṣẹ Marsiglia tí gbogbo àgbàlagbà Piemonte, agbègbè tí Cuneo wà, ń gbóríyìn fún lè jó ewé rẹ̀, òróró àti ọtí líle sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí omi kò bá ràn án, ẹ po ọṣẹ potassium díẹ̀ sínú omi púpọ̀, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ẹ dán an wò lára ewé kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ dúró ọjọ́ méjì. Tó bá gbà á, ẹ fọ́n ọn, kẹ́ ẹ sì fi omi ṣan án. Òróró dóńgóyárò, tí wọ́n ń pè ní neem níbí, ni mo rò pé ẹ ó kọ́kọ́ nawọ́ sí torí ẹ mọ̀ ọ́n láti ilé. Òróró lòun náà. Ẹ dán an wò bákan náà.

Lágbedeméjì oṣù Èbìbí, ẹ gbé igi náà síta sábẹ́ ibòji. Kòkòrò roboto pupa alámì dúdú tí Ítálì ń pè ní coccinella yóò wá jẹ ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má rà á láti tú sínú ilé. Ojú fèrèsé ló máa fò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Piazza Galimberti ní Cuneo. Tẹ́ ẹ bá rí fẹ́ẹ̀nì tuntun níbẹ̀, ẹ yí abẹ́ ewé rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó mú owó jáde, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dá gbé yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bá ti ilé pàdé.