Púlì Tí Kò Ní Èròjà àti Òfin Newton
Òfin kejì Newton (1687) wí pé àròpọ̀ ipá lára ohun kan ni ìwọ̀n èròjà rẹ̀ ní ìlọ́po ìyárasí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa kà á pé bí ipá bá di òdo, ìyárasí tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo púlì tí a gbà pé kò ní èròjà rárá: apá okùn méjèèjì fi 10 Newton lọ́kọ̀ọ̀kan fà á sísàlẹ̀, okùn òkè fi 20 fà á, òdo ni àròpọ̀. Síbẹ̀ ó lè máa yára sí i, nítorí òdo ní ìlọ́po iyekíye, òdo ni. Òfin náà kò sẹ́ ìyárasí. Ó dákẹ́ ni (òǹkàwé ewì mọ ìyàtọ̀ wọn). Àwọn ẹrù tí okùn gbé ni ó ń pinnu rẹ̀. Púlì gidi ní èròjà. Bí ó bá ń yára sí i, àròpọ̀ ipá rẹ̀ kì í di òdo pátápátá.