Àtúnṣe Àbùkù Kéékèèké Lára Èèkù Ọ̀bẹ

Èèkù ni ibi tí a ti ń di ọ̀bẹ, idà tàbí àdá mú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Òwe yìí fi hàn pé ọwọ́ ẹni tí ó di èèkù mú ni agbára wà. Nítorí náà, àbùkù ara èèkù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ààbò ọwọ́ wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ń fa àbùkù

Igi líle, ìwo ẹran àti egungun wà lára ohun tí a fi ń ṣe èèkù. Igi a máa gba omi inú afẹ́fẹ́ sára, a sì máa tú u sílẹ̀. Bí omi bá ń kúrò lára rẹ̀, yóò súnkì, ìsúnkì náà sì máa ń pọ̀ ní ìbú ju gígùn lọ. Ìdí nìyí tí ojú tí ó là fi máa ń tẹ̀lé fọ́nrán igi.

Àpẹẹrẹ tí ó yanjú ni ìlú Jos. Ọgbà Yunifásítì Jos wà ní Bauchi Road. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1971 kí ó tó dá dúró ní 1975. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sí ìpele òkun, ọyẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ gan-an. Èèkù tí a gbẹ́ ní Ìbàdàn nígbà òjò, tí kò ní àbùkù kankan, lè sán bí ó bá bá ọyẹ́ pàdé ní Jos.

Èwo ni ó ṣeé tún ṣe?

Ihò wẹ́wẹ́ àti ìlà tí kò jìn ṣeé dí. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá ń yanu nígbà tí a bá fi ọwọ́ lọ́ èèkù díẹ̀, tàbí tí ó dé ìdí ìṣó tàbí irin inú èèkù, kì í ṣe àbùkù ojú lásán mọ́. Èèkù tuntun ni ó yẹ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá dí i, ewu ni ó bò mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó fi aṣọ nípọn wé ẹnu ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó gbọn eruku inú ihò náà dànù, a ó sì fi sípíríìtì nu ún, nítorí òróró ara igi kì í jẹ́ kí gúlúù mú. A ó po lẹ́búlẹ́bú igi kan náà mọ́ gúlúù, a ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ ihò títí yóò fi yọ díẹ̀ ju ojú èèkù lọ. Lẹ́búlẹ́bú tí a pò báyìí máa ń dúdú ju igi lọ bí ó bá gbẹ. Nítorí náà, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀ ni ó dára jù. Fún ìwo dúdú, lẹ́búlẹ́bú èédú lè ṣiṣẹ́ náà.

Bí ó bá gbẹ tán, a ó fi sáńpépà ha á ní ìtọ̀sí fọ́nrán, láti orí èyí tí ó le dé orí èyí tí ó kúnná. Ewé ìpín ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ń lò fún irú iṣẹ́ yìí láti ayé àtijọ́. Ìda oyin ni a lè fi parí rẹ̀ kí omi má baà tètè wọlé. Ó yẹ kí a bo imú, nítorí eruku igi àti ti egungun ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. A kò sì gbọdọ̀ fi òwú nu gúlúù tí ń gbẹ wàràwàrà, nítorí ó lè gbóná débi tí yóò jó ọwọ́.

Ọ̀bẹ àtijọ́

Èyí tí ó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yàtọ̀. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, irú èyí tí ó ṣí ní Jos ní 1952, ìlànà àwọn olùtọ́jú ni pé ohun tí a bá fi dí àbùkù gbọ́dọ̀ ṣeé yọ láìba ohun náà jẹ́. Dídán tí ọwọ́ àwọn tí ó ti lò ó fi sára èèkù jẹ́ ẹ̀rí ìtàn. Bí a bá fi sáńpépà ha á kúrò, kò sí àtúnṣe tí ó lè dá a padà.