Iṣẹ́ Abẹ Méjì fún Jẹjẹrẹ Ọyàn Tí A Tètè Rí

Ọ̀tà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti yẹ́ àwọn ìyá sí. Ọyàn tí a fi igi gbẹ́ a sì máa wà ní àyà oníjó. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí obìnrin tí a sọ fún pé jẹjẹrẹ wà nínú ọyàn rẹ̀ bá bẹ̀rù ọ̀bẹ ju àrùn náà lọ.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí William Halsted ti Baltimore kọ ìwé lé lórí ní 1894, tí ayé sì tẹ̀lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni kí a gé ọyàn, iṣan àyà àti àwọn kókó kéékèèké abíyá kúrò pọ̀. Lóde òní, ọ̀nà méjì ni ó wà fún àrùn tí kò tíì tàn. Èkíní ni kí a gé gbogbo ọyàn, kí a fi iṣan àyà sílẹ̀. Èkejì ni kí a yọ kókó náà nìkan pẹ̀lú díẹ̀ nínú ẹran tí ó yí i ká, kí a sì fi ìtànṣán tọ́jú ìyókù. Nínú méjèèjì ni a ti ń yẹ abíyá wò.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1976 sí 1984, Bernard Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn obìnrin sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: a gé ọyàn àwọn kan, a yọ kókó nìkan fún àwọn kan, a yọ kókó, a sì lo ìtànṣán fún àwọn yòókù. Èsì 20 ọdún lórí obìnrin 1,851 jáde ní 2002. Ẹ̀mí wọn kò gùn ju ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n láìsí ìtànṣán, àrùn náà padà sínú ọyàn kan náà lára nǹkan bí 39 nínú 100. Pẹ̀lú ìtànṣán, nǹkan bí 14 ni.

Ìtànṣán, nígbà náà, kì í ṣe èèní; apá kan ìtọ́jú náà ni. Ojoojúmọ́ ni a ń gbà á, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sáńgò-Ọ̀tà, tí yóò máa lọ sí Ìdí-Àràbà ní Èkó, níbi tí a ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní 2019, gbọ́dọ̀ ṣírò owó ìtọ́jú, owó ọkọ̀ àti àyè lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá lè parí rẹ̀, tàbí bí kókó bá fọ́n ká inú ọyàn, gígé ọyàn lè jẹ́ ọ̀nà tí ó dára jù fún un.

Kí ọ̀bẹ tó kan ara, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi dókítà ni: níbo ni a ó ti gba ìtànṣán, èló ni, ọjọ́ mélòó sì ni? Ọ̀nà méjèèjì ni ó ń gba ẹ̀mí là. Jíjókòó sílé nìkan ni kò sí lára wọn.