Ọkọ̀ Tí Ń Tẹ Bíréèkì Fúnra Rẹ̀: Báwo Ni A Ṣe Ń Dán An Wò?



Láti oṣù Keje ọdún 2024, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ẹ̀rọ tí ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà tàbí rédà ni ojú ẹ̀rọ náà. Bí ó bá rí ewu níwájú, tí awakọ̀ kò sì tètè ṣe nǹkan, yóò tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe mọ̀ pé yóò gba ẹ̀mí là? A kò lè mú ọmọ ènìyàn dúró síwájú ọkọ̀ kí á fi dán an wò.

Àwọn ará Jámánì ní ọ̀nà kan tí ó wù mí. Láti ọdún 1999 ni àwọn òṣìṣẹ́ ètò GIDAS ti ń lọ síbi ìjàǹbá ọkọ̀ ní agbègbè Hannover àti Dresden, tí wọ́n ń wọn ojú títì, ipa táyà àti ibi tí ọkọ̀ ti tẹ̀. Àwọn onímọ̀ yóò wá tún ìjàǹbá kan náà ṣe nínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láìsí ẹ̀rọ náà, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni èrè ẹ̀rọ. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Ọkọ̀ tí ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọdé já sí títì ní mítà 20 síwájú. Bí awakọ̀ bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó tẹ bíréèkì, mítà 6 ló kù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ nílò bíi mítà 12 lórí títì gbígbẹ kí ó tó dúró. Bí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, mítà 13 ló kù: ọmọ yè. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, tí ọkọ̀ nílò mítà 19, ẹ̀rọ kan náà kò ní lè gbà á sílẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí: kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun tí a bá fún un lọ. Títì Hannover kì í ṣe títì wa. Ọlọ́kadà tó gba ọ̀nà òdì, kòtò àárín títì àti táyà tó ti jẹ tán kò pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ tiwọn. Bí a bá fẹ́ kí ìdánwò yìí wúlò fún wa, àfi kí á máa kọ ìjàǹbá tiwa sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó péye. Títí dìgbà náà, ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ tó ní ẹ̀rọ yìí, kó má ṣe gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí bíréèkì.