Ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní ìpàdé kọ̀ǹpútà ọjọ́ Sátidé

Àdímíìnì yín ló ń sọ̀rọ̀ láti Jos. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í gbọ́ fóìsì tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì, ìdí nìyẹn tá a fi kọ eléyìí sílẹ̀ fún yín. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìyá kan nínú wa kọ ọ́ síbí pé àwọn agbófinró dá ọmọ òun dúró lójú ọ̀nà, wọ́n tú báàgì ẹ̀, wọ́n rí laptop, ni wọ́n bá ní ọmọ Yahoo ni. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ọmọ náà ní ìpàdé àwọn developer lòun ń lọ. Ìyá ẹ̀ ní kò ní lọ mọ́ láé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn mẹ́rin míì ti kọ ọ́ pé àwọn náà ti gba laptop lọ́wọ́ ọmọ àwọn. Wọ́n wá kọjú sí mi, torí gbogbo yín mọ̀ pé ọmọ tèmi náà ń lọ: "Àdímíìnì, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Mi ò lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti ń fún ọmọkùnrin mi lówó ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò kan ibẹ̀ rí. Ojú tì mí. Ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀yin náà mọ ohun tí Sátidé jẹ́ fún àwa tá à ń ta ike, mo sì tẹ̀ lé e.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù yín, WhatsApp tá a wà lórí ẹ̀ yìí, èyí tí ẹ fi ń sanwó ní báǹkì, ẹ̀rọ POS tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, èèyàn ló jókòó tó kọ àṣẹ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá tẹ ibí, ṣe báyìí, bí owó ò bá tó, sọ pé kò tó. Àṣẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní kóòdù. Ẹni tó ń kọ ọ́ ni developer. Ọmọ Yahoo ò kọ nǹkan kan, èèyàn ló ń tàn jẹ. Laptop tí àwọn méjèèjì gbé dání ló jọra.

Ìpàdé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà. Ó wà ní Jos níbí, nHub sì jẹ́ ibì kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí ti kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn kan ń pàdé lábẹ́ orúkọ Google, GDG ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ló ń ṣètò ẹ̀, wọn kì í sì gbowó oṣù lórí ẹ̀. Bí ọdún bá ń lọ sópin, wọ́n á ṣe ńlá kan tó ń jẹ́ DevFest. Àwọn tó ń kọ Python, èdè kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣe ìpàdé àpapọ̀ ti orílẹ̀-èdè wa, PyCon Nigeria, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Èkó ní 2017. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn l'Ékòó á rántí fọ́tò Mark Zuckerberg tó ni Facebook nígbà tó wá sí Yaba ní oṣù kẹjọ 2016. CcHub ni ó kọ́kọ́ lọ, ibi tí irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kóra jọ sí.

Ó dáa. Mo dé gbọ̀ngàn náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Wáyà ni mo kọ́kọ́ rí. Wáyà nílẹ̀, wáyà lórí àga, ọmọ bí ọgbọ̀n ń du ihò iná mẹ́jọ. NEPA ti mú iná lọ, wọ́n ti dáwó epo jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn. Ọmọ Berom wà níbẹ̀, ọmọ Hausa wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, àwọn tiwa náà wà níbẹ̀, wọ́n fi orí kan orí lórí laptop kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní Jos láti 2001, tẹ́ ẹ rí ti 2008 àti ti 2010, ẹ mọ ìdí tí mo fi dákẹ́ wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àdúgbò kan wà nílùú yìí tí èmi ò jẹ́ wọ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn tí ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ bí ogún ìṣẹ́jú, tí mi ò gbọ́ ju ìdá mẹ́rin ẹ̀ lọ, wọ́n ní ta ló ní nǹkan tó ń dà á láàmú. Ọmọ mi dìde. Àyà mi já. Ó gbé laptop ẹ̀ síwájú, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ó ní òun ń kọ ìwé gbèsè fún ṣọ́ọ̀bù ìyá òun, àmọ́ ìṣirò òun ń ṣì. Gbèsè tèmi rèé lára ògiri! Mo dúpẹ́ pé kò kọ orúkọ àwọn oníbàárà. Ó wá tẹ ìṣirò kékeré kan kí gbogbo wọn rí i: 0.1 + 0.2. Ẹ̀yin ará, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé 0.3 ni. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síbẹ̀ pé 0.30000000000000004.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń fi ọmọ mi ṣẹ̀sín, mo ti fẹ́ dìde. Àṣé gbogbo wọn ni nǹkan náà ti ṣe rí.

Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù ló lọ síwájú. Ó kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, nígbà tó rí i pé àwọn kan ò bá a lọ, ó yí i sí Hausa, ibẹ̀ ni ó wá yé èmi náà. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ka nǹkan ní mẹ́wàá-mẹ́wàá bíi tiwa, méjì-méjì ló ń kà á. Ó ní ẹ gbà pé ẹ fẹ́ pín náírà mẹ́wàá fún èèyàn mẹ́ta lọ́gbọọgba. Ẹ máa kọ 3.33, ẹ ó tún fi 3 sí i, kò ní parí láé, ibì kan lẹ máa dúró. Bí àwa ò ṣe lè kọ ìdá mẹ́ta tán nínú tiwa, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ò ṣe lè kọ ìdá mẹ́wàá tán nínú tiẹ̀. Ìyókù kékeré á máa ṣẹ́ kù, bí ó bá sì pẹ́, á di owó. Ó ní ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ owó kò gbọ́dọ̀ fi náírà tó ní àmì ṣírò. Kó yí gbogbo ẹ̀ sí kọ́bọ̀, kó fi kọ́bọ̀ odidi ṣe é dópin, ìgbà tó bá fẹ́ fi han èèyàn ni kó tó yí i padà sí náírà.

Ọmọ mi tún un ṣe lójú wa níbẹ̀. Ó bọ́ sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo pe ọmọbìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo bi í pé èló ni wọ́n ń san fún un. Ó ní wọn kì í san nǹkan kan. Mo ní kí ló wá dé tó ń tú àṣírí iṣẹ́ ẹ̀ síta? Ó ní ẹlòmíì ló tú u fún òun níbí lọ́dún tó kọjá. Ó tún fi òótọ́ kún un pé ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó mọ nǹkan ni wọ́n ń pè bí iṣẹ́ bá jáde.

Mo ronú kan ara mi. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti mọ ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ra ike ní owó pọ́ọ́kú, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú gírúùpù yìí, mi ò sì ní sọ báyìí náà. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa kó o tán! Àmọ́ kóòdù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kọ́ ẹ, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìwọ náà á sì bá mi rí ibi tí tèmi ti bàjẹ́.

Nǹkan míì tó wù mí ni ìwé àkọsílẹ̀ wọn, Git. Ará Finland kan, Linus Torvalds, ló ṣe é ní 2005, torí àwọn tí wọ́n jọ ń kọ Linux wà káàkiri ayé, iṣẹ́ ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ ba ti ẹlòmíì jẹ́. Ẹ fi wé ìwé èsúsú. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé kan ló wà, lọ́wọ́ olórí èsúsú. Bó bá sọnù, ìjà dé. Nínú Git, oníkálukú ló ní ẹ̀dà ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá yí nǹkan padà, orúkọ rẹ àti ọjọ́ àti aago á wà níbẹ̀, o ó sì kọ ìdí tó o fi yí i. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á dá a padà sí bó ṣe wà lánàá. Bí o bá rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ mi, inú ẹ̀dà tìrẹ lo ti máa tún un ṣe, wàá wá sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo eléyìí, bó bá tẹ́ yín lọ́rùn ẹ gbà á wọlé. Pull request ni wọ́n ń pè é. Orí GitHub, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é. Ọmọ mi fi ọ̀kan hàn mí, ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ló tún ìlà méjì ṣe fún un, ó dúpẹ́, ó gbà á.

Wọ́n tún ní òfin lórí bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè, èyí sì kan àwa náà. Wọn ò gbà kí èèyàn kàn wí pé "kò ṣiṣẹ́." Sọ ohun tó o ṣe, sọ ohun tó o retí, sọ ohun tó o rí, kí o sì fi ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ ránṣẹ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ wo tiwa níbí: "Ẹ gbà mí o, owó ò wọlé." Báǹkì wo? Èló? Nígbà wo? Èèyàn mẹ́rìndínlógún á ti dá sí i kí olówó tó dáhùn. Àwọn ọmọ kan ti ń bi ChatGPT báyìí dípò èèyàn. Ẹni tó ń darí wọn ò kọ̀ ọ́, ó kàn ní bí o kò bá lè ṣàlàyé ohun tó kọ fún ẹ, má fi í síṣẹ́.

Mi ò ní kí ẹ rò pé gbogbo ẹ̀ ló dùn. Àwọn kan wá torí ìrẹsì ni. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì ríṣẹ́, dátà wọ́n, laptop wọ́n ju dátà lọ. Kí ọmọ mi tó mọ ibẹ̀, ẹnì kan ti gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi pé òun máa sọ ọ́ di developer láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọ yín kó tó kọ́ ọ, ẹ sá fún un.

Ní ti àwọn tó ń mú ọmọ lójú ọ̀nà, ìyẹn ò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní 2019, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà pariwo ẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, #StopRobbingUs ni wọ́n pè é. Mo bi àwọn tó ń ṣètò ìpàdé tiwa léèrè. Wọ́n ní àwọn á máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ní nọ́ńbà fóònù àgbàlagbà méjì. Mo ti ní kí wọ́n fi tèmi ṣe ọ̀kan. Ẹ̀yin náà, ẹ wá rìsíìtì laptop, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù ọmọ.

Sátidé tó ń bọ̀, mò ń lọ. Ọkọ̀ á gbéra níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní aago mẹ́sàn-án, àyè ọmọ mẹ́fà ló wà, mẹ́ta ti gbà á. Ìyá tí wọ́n mú ọmọ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ẹ ò gbé e. Mo fi àyè kan sílẹ̀ fún ọmọ yín, mo sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹ̀yin gan-an. Ẹ pè mí bẹ́ ẹ bá ti kà á.